Wákàtí Ìpadàbọ̀ Sílé: Omíyalé Ìbàdàn ti Ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ Ọdún 2011

Oṣù Kẹjọ ni àwọn àgbà máa ń retí pé kí òjò sinmi díẹ̀ kó tó tún padà dé ní oṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ojú ọ̀run ṣú bolẹ̀ lórí Ìbàdàn, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí ó fi di alẹ́. Omi òjò tí wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn jẹ́ mìlímítà 187.5. Odò Ọ̀nà, odò Ògùnpa àti odò Ògbẹ̀rẹ̀ kún kọjá bèbè wọn. Adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe ní ọdún 1942, kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ afárá wó, ẹ̀mí tó sì bá a lọ lé ní 100. Nínú Yunifásítì Ìbàdàn, omi wọ ọgbà ẹranko àti oko ẹja, ó pa ẹranko, ó sì gbá ẹja lọ. Ní Apẹ̀tẹ̀, Àjíbọ̀dé, Orógun, Ẹlẹ́yẹlé àti Odò-Ọ̀nà, ẹrẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn bá níbi tí yàrá wọn wà nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa omíyalé yìí ló mẹ́nu ba ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè odò, ìdọ̀tí tó dí ojú omi, afárá tó kéré ju omi tó ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ, àti dáàmù tó ti gbó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì ní fi àkọsílẹ̀ yìí já wọn nírọ́. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni ohun tí àwọn àlàyé wọ̀nyẹn máa ń fò dá: ibi tí àwọn èèyàn wà nígbà tí omi dé, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ, àti ìdí tí wọn ò fi lè ṣàìlọ. Ilé kì í rìn. Ojú kan náà ni ó wà láàárọ̀ àti lálẹ́, a sì lè fi í sínú àwòrán ilẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni kò dúró sójú kan, ìrìn rẹ̀ ojoojúmọ́ sì wà lára ohun tó ń sọ bí ìjàǹbá yóò ṣe rí òun àti àdúgbò rẹ̀ mú tó.

Ìbàdàn ti rí irú èyí rí, ó tilẹ̀ ti rí èyí tó jù ú lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, òjò tó tó mìlímítà 274 rọ̀, Ògùnpa sì kó ẹ̀mí tó lé ní 200 lọ. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni Omíyalé, orúkọ náà sì ń sọ ìtàn kan fúnra rẹ̀: omi ló yà sílé, ó bá onílé nílé. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà bọ́ sí, nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì, tí ọmọ ilé-ìwé wà ní ìsinmi, tí ọ̀pọ̀ onísọ́ọ̀bù kò sì jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífẹ ojú omi Ògùnpa, tí wọ́n ń fi kọnkéré mọ ògiri sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìrònú tó bí iṣẹ́ náà ni pé kí omi má rí ọ̀nà dé ilé mọ́. Ìrònú rere ni. Àmọ́ ní ọdún 2011, bí àwọn tí omi ká mọ́ ilé ṣe wà náà ni àwọn tí omi ká mọ́ ojú ọ̀nà wà, nínú ọkọ̀, lórí afárá, àti níbi tí wọ́n ti ń wọ́dò lọ sílé ara wọn.

Ó yẹ kí a wo irú ọjọ́ tí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn jẹ́ dáadáa. Ààwẹ̀ Rámàdáánì ti pé ọjọ́ 26, Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ yóò sì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gbogbo Mùsùlùmí tó wà níta ló ti kọjú sílé, nítorí pé ìṣínu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Oòrùn yóò wọ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí aago méje lù, ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, omi gbọ́dọ̀ ti wà nínú ife. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an sì ni òru ọjọ́ 27 ààwẹ̀, òru tí ọ̀pọ̀ ń wá Lailatul-Qadr, tí wọn yóò jẹun kíákíá, tí wọn yóò tún jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí fún àìsùn. Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ni pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Kírísítẹ́nì fi ń ṣe ìṣọ́ òru. Owó oṣù ń wọlé fún ẹni tó bá rí gbà, ọjà ọdún ti gbóná, ẹni tó fẹ́ re òde Sátidé ti ń wá aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ aránṣọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà ni bọ́ǹbù bú gbàmù ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Àbújá, Àbújá sì ni ọkàn àwọn tó ń gbọ́ rédíò wà ní gbogbo ọ̀sán. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yan wákàtí tí èèyàn yóò pọ̀ jù lọ lójú ọ̀nà ní Ìbàdàn láàrin oṣù náà, bóyá ni yóò rí èyí tó ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ.

Ìrìn àwọn ará Ìbàdàn ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Bí ilé ṣe ń wọ́n láàrin ìlú ni àwọn èèyàn ń sún lọ sí ẹ̀yìn odi, níbi tí ilẹ̀ ṣì gba owó kékeré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò bá wọn sún. Dùgbẹ̀, Gbági, Bódìjà, Mọ́kọ́lá, Sángo àti Ìwó Road ṣì ni ibi tí owó wà. Nítorí náà, ẹni tó sùn sí Apẹ̀tẹ̀ tàbí Àwọ́tán gbọ́dọ̀ kọjá odò Ọ̀nà láàárọ̀, kó sì tún un kọjá lálẹ́. Ọmọ ilé-ìwé gíga Pólì Ìbàdàn tó háyà yàrá sí Apẹ̀tẹ̀ nítorí pé owó ibẹ̀ rọjú ń kọjá odò kan náà. Ará Àjíbọ̀dé tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì ní omi tirẹ̀ láti sọdá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ilé wọn sún mọ́ odò. Àwọn mìíràn wà tí ilé wọn wà lórí òkè tí omi kò lè dé láé. Ẹni tó ń gbé lórí òkè Àwọ́tán kò sí nínú ewu omíyalé gẹ́gẹ́ bí àwòrán ilẹ̀ ṣe wí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òun náà ń wọ inú ewu ọ̀hún, kò kàn mọ̀ ni, nítorí pé ewu kò sí níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Mi ò mú un láti ara ẹnìkan pàtó, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà. Ó ń ta tòmátì ní ọjà Bódìjà, ó ń gbé òdìkejì afárá Apẹ̀tẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló fi sílé, èyí àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí òjò ṣú, ó ṣì ní tòmátì apẹ̀rẹ̀ kan àbọ̀ nílẹ̀, èyí tí kò lè sùn mọ́jú kó má rà. Ó dín owó rẹ̀, ó tà á. Ó so owó mọ́ ìdí ìró, ó gba àkàrà ìṣínu sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó sáré dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Níbẹ̀, èèyàn ti pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Awakọ̀ Micra tó ń gba iye kan láàárọ̀ ti fi àádọ́ta náírà lé e nítorí òjò, ó sì ń kígbe pé kí kálukú mú ṣénjì rẹ̀ lọ́wọ́. Èèyàn méjì ló jókòó síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn. Fèrèsé kò ṣeé sí nítorí òjò, èémí ti bo gíláàsì, awakọ̀ ń fi àkísà nù ún lọ́wọ́ kan. Kò sẹ́ni nínú wọn tó mọ bí odò ṣe rí, nítorí pé níbi tí wọ́n wà, omi òkè nìkan ni wọ́n ń rí.

Nígbà tí wọ́n dé itòsí afárá, ọkọ̀ ti tò jọ lọ rẹrẹẹrẹ. Ilẹ̀ ti ṣú, iná kò sí. Omi pọ́n bí epo, ó ti bo ojú ọ̀nà, a kò sì rí etí afárá mọ́. Ọmọkùnrin kan ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó wọ inú omi náà, ó sì kọjá. Bó ti kọjá yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Títí di ìgbà náà, gbogbo àwọn tó dúró jọ ń sọ pé kò ṣeé kọjá. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tó kù ni ta ló kàn. Ìyá yìí wo láílọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀, ó rántí pé ilẹ̀kùn yàrá wà ní títì láti ìta kí àwọn ọmọ má baà jáde lọ ṣeré nínú òjò.

Èmi kò lè pe ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ní àìgbọràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń lò nìyẹn lẹ́yìn gbogbo ìjàǹbá. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó wà níta nígbà tí ewu bá dé, ilé ni ọkàn rẹ̀ yóò fà sí, pàápàá bí ó bá ní ẹni tí kò lè dá dúró nílé. Bí ó bá kọjá, ewu ni. Bí kò bá kọjá, inú ewu ni ó fi ọmọ sílẹ̀ sí. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ìṣirò náà sì bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú ohun tó mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí omi ṣe lágbára tó.

Agbára omi tó ń ṣàn kì í hàn sójú. Omi tí kò ju mìlímítà 150 lọ, èyí tí kò jìnnà sí ọrùn ẹsẹ̀, lè gbá àgbàlagbà ṣubú bí ó bá ń sáré. Ìlọ́po méjì rẹ̀ lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó, nígbà tó bá sì di ìlọ́po mẹ́rin, díẹ̀ ni ọkọ̀ tí kò ní lè gbé lọ. Ọkọ̀ fífúyẹ́ ni Micra tó gba ìgboro Ìbàdàn kan. Ohun tó mú kí àwọn awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, pé epo díẹ̀ tó o, òun náà ló mú kí omi lè tètè gbé e. Ó tún wá jẹ́ pé abẹ́ omi ni ojú ọ̀nà wà, ẹni tó wà lókè kò lè mọ̀ bóyá kọnkéré ṣì wà níbẹ̀ tàbí omi ti gbẹ́ ẹ lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó pa olúkúlùkù sílẹ̀, ó ju ìdajì àwọn tó rì sínú omíyalé lọ tó jẹ́ pé wọ́n wa ọkọ̀ wọ inú omi náà ni.

Ìrìn mìíràn wà tí a kì í kà mọ́ ìrìn nítorí pé ó kúrú: láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ojú àgbàrá. Òjò ṣú, garawa ìdọ̀tí jáde. Ìṣísẹ̀ ogún péré ni fún ẹni tó ń dà á nù, àgbàrá ni yóò bá a gbé ìyókù. Bí ogunlọ́gọ̀ agbo ilé bá rin ìṣísẹ̀ ogún yìí láàrin wákàtí kan náà, ìdọ̀tí wọn yóò pàdé lábẹ́ afárá kan náà, níbi tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ yóò ti pàdé pẹ̀lú.

Ìdí kan wà tí irú nǹkan wọ̀nyí kì í fi í wọ inú ètò ìjọba. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dúró sójú kan la máa ń ka èèyàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà ìkànìyàn tó gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ìjọba ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé, kí ẹnikẹ́ni má rìn, kí wọ́n lè kà wá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, kí a má baà ka ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ìlú tí wọ́n kà nígbà náà, ìlú tó jókòó ni, èyí tí kì í wáyé ní ọjọ́ Jímọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó, níbi tí Apẹ̀tẹ̀ wà, ń sọ iye ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Kò sọ iye ẹni tó wà lórí afárá nígbà tí òjò ń rọ̀.

Lẹ́yìn tí omi fà, ìrìn tí kò sẹ́ni tó kà wá hàn gbangba, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ já. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wà lára àwọn tó wó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìlú po kó tó dé ibẹ̀, ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ ìyípo náà sì jókòó sílé, ó ń jẹ nínú ohun tó fẹ́ fi ra ọjà. Aláboyún tó ń gba ìtọ́jú ní òdìkejì odò, olóúnjẹ tó ń ra ata láti Bódìjà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò, gbogbo wọn ni omi náà dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ilé wọn. Nígbà tí a bá ń ka àwọn tí omíyalé ṣe lọ́ṣẹ́, ẹni tí ògiri rẹ̀ wó là ń kà. Èmi á ka àwọn wọ̀nyí náà mọ́ ọn.

Ìtọ́jú tí ìlú rí gbà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí yóò dojú kọ omíyalé ní Ìbàdàn: títún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ṣe, fífẹ ojú omi, kíkọ́ afárá tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yíya àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí omi lè dé hàn, àti ètò ìkìlọ̀. Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe kọjú sí omi. Ìkìlọ̀ gan-an tí a sábà máa ń gbọ́ lórí rédíò ní ìgbà òjò ní, kí àwọn tó ń gbé etí odò kúrò níbẹ̀. Onílé ni ìkìlọ̀ náà ń bá wí. Ẹni tó dúró ní Dùgbẹ̀ tó ń wá ọkọ̀ Apẹ̀tẹ̀ kò gbọ́ ohunkóhun tó kàn án nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2011 kan náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ilẹ̀ mì tìtì ní Japan ní aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ní Tokyo àti agbègbè rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin dúró, ó sì lé ní mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn tí kò lè dé ilé lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn títí di òru, wọ́n kún ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ àwọn agbẹ̀mílà ìbá gbà. Òfin tí ìlú Tokyo fi lọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2013 kò sọ̀rọ̀ ilé rárá. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró sí ibi iṣẹ́, kó sì ní omi àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀ fún wọn. Ìyẹn ni pé, wọ́n wo ìrìn ìpadàbọ̀ sílé, wọ́n rí i pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ewu, wọ́n sì ṣe òfin lé e lórí.

Ọjà Bódìjà kì í ṣe ilé iṣẹ́ Tokyo, kò sì sí agbanisíṣẹ́ tí yóò ra omi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún alátòmátì. Ṣùgbọ́n ohun tí Bódìjà ní kò kéré. Ìyálọ́jà wà tí ẹnu rẹ̀ ká gbogbo ìsọ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ wà tó lè sọ pé kí ọkọ̀ Apẹ̀tẹ̀ má ṣe gbéra, tí kò sì sí ọkọ̀ tí yóò gbéra. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wà níbi tí èèyàn lè jókòó sí mọ́jú, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àìsùn láìsí ẹni tó ń kérora. Ohun tó ṣòro jù ni ti àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Bí ìyá bá mọ̀ pé aládùúgbò kan ní kọ́kọ́rọ́ kejì, tí fóònù aládùúgbò náà sì ń wọlé, ó lè dúró ní Bódìjà kó jẹ àkàrà rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, kò sí ẹgbẹ́ awakọ̀ tó lè dá a dúró. Ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn.

Afárá mìíràn ti wà ní Apẹ̀tẹ̀ báyìí, ó sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí òjò bá ṣú ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ máa ń sáré pé jọ sójú títì ní Sángo, wọ́n á da ọwọ́ bo orí, wọ́n á máa wo ọ̀run ní apá ibi tí ilé wọn wà. Micra kan á dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí kó tó dúró tán, awakọ̀ á na ìka méjì síta láti fi iye àyè tó kù hàn, èèyàn mẹ́jọ á sì dì mọ́ ọn.